ẸNI GÙN ÚN NI YÓÒ TÚN UN ṢE: ÌTÀN ALÙPÙPÙ INÚ IGBÓ GẸ́GẸ́ BÍ ERÉ ÌDÁRAYÁ, LÁTI 1913 DÉ ÒNÍ



ÌFÁÀRÀ

Nígbà tí mo sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pé orí alùpùpù ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí yóò dá lé, àwọn kan rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ìtàn ọba àti ìtàn ogun kò tíì tán nílẹ̀, kí ni ti alùpùpù? Èmi kò bínú sí wọn. Àwa onítàn ti fi ojú mọ́ ààfin àti ojú ogun pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń gbàgbé pé ohun tí ènìyàn fi ń dára yá lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ náà jẹ́ ẹ̀rí nípa irú ayé tí ó ń gbé.

Ohun tí mo ń pè ní alùpùpù inú igbó ni èyí tí a dìídì ṣe fún ibi tí kò sí ọ̀dà: inú ẹrọ̀fọ̀, orí iyanrìn, orí àpáta, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, àti ọ̀nà tóóró tí ẹsẹ̀ ẹran nìkan ti là. Ó fúyẹ́, ó ga nílẹ̀, táyà rẹ̀ ní eyín gbàgùdù-gbàgùdù tí ń ha ilẹ̀ mú. Ọ̀nà tí a ń gbà fi í ṣeré kò sì jẹ́ ẹyọ kan. Àwọn kan ń sáré lórí pápá kan tí a fi òkè àti kòtò sí, èyí ni a ń pè ní mọ́tókírọ́ọ̀sì. Àwọn mìíràn ń rìn ọ̀nà jíjìn nínú igbó fún odindi ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn kan kò tilẹ̀ sáré rárá: ohun tí wọ́n ń dán wò ni bóyá wọ́n lè gun orí àpáta kọjá láìfi ẹsẹ̀ kanlẹ̀. Àwọn kẹrin ni àwọn tí ń la aṣálẹ̀ já.

Kí a tó lọ síwájú, ẹ jẹ́ kí a wo orúkọ tí àwa fún ẹ̀rọ náà. Àwọn baba wa tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé rẹ̀ kò fi ìrísí rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ. Etí ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Pù-pù-pù ni ó ń dún bọ̀ lókèèrè, alùpùpù ni wọ́n sì pè é. N óò padà sí ọ̀rọ̀ etí yìí, nítorí pé ó kan ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an.

Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyí. Àwọn tí ń kọ ìtàn eré yìí sábà máa ń kọ ọ́ bí ìtàn àwọn tó gba ife-ẹ̀yẹ àti ìtàn àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá. Èmi gbà pé ìtàn mìíràn wà lábẹ́ èyí, tí ó sì ṣe pàtàkì jù ú lọ: ìtàn ìmọ̀ tí ó wà lọ́wọ́ ẹni tí ń gun ẹ̀rọ tí ó sì ń tún un ṣe fúnra rẹ̀. Mo fẹ́ fi hàn pé ìmọ̀ yìí ni ó darí bí ẹ̀rọ náà ti ń yí padà. Mo sì fẹ́ béèrè ìdí tí irú ìmọ̀ kan náà fi ń jẹ́ ọgbọ́n àti ìgbádùn ní ilẹ̀ ibòmíràn, tí ó sì ń jẹ́ iṣẹ́ ìnira tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀ ní ilẹ̀ tiwa.

ÌDÁNWÒ NI Ó DI ERÉ

Ní ọdún 1885 ni Gottlieb Daimler àti Wilhelm Maybach gbé ẹ́ńjìnnì kékeré kan sórí kẹ̀kẹ́ onígi ní Cannstatt ní ilẹ̀ Jámánì. Fún ìran kan lẹ́yìn èyí, kò sí ìyàtọ̀ láàrin alùpùpù títì àti alùpùpù inú igbó, nítorí pé títì gan-an kò yàtọ̀ sí igbó. Ẹni tí ó bá ra alùpùpù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà mọ̀ pé òun yóò bá ẹrọ̀fọ̀, òkúta àti odò pàdé. Ohun tí olùrà ń béèrè ni pé: ǹjẹ́ ẹ̀rọ yìí yóò gbé mi dé ilé bí?

Láti dá ìbéèrè yìí lóhùn ni wọ́n fi dá ìdánwò sílẹ̀. Ní ọdún 1913 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìdánwò ọlọ́jọ́ mẹ́fà ti àgbáyé ní agbègbè Carlisle ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kì í ṣe ẹni tí ó yára jù ni wọ́n ń wá níbẹ̀ bí kò ṣe ẹ̀rọ tí ó lè fara dà á fún ọjọ́ mẹ́fà, àti ẹni tí ó lè mú un dé òpin. Ní ọdún kejì, 1914, Alfred Angas Scott, ẹni tí ó ní ilé-iṣẹ́ alùpùpù ní Yorkshire, pe àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ níjà láti gun alùpùpù gba orí òkè àti àfonífojì kọjá. Ẹ kíyè sí i pé àwọn tí wọ́n ṣe ẹ̀rọ náà lọ́sàn-án ni wọ́n fi í ṣeré. Kò sí ààlà láàrin ọwọ́ tí ń ṣe é àti ọwọ́ tí ń gùn ún.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, àwọn ẹlẹ́gbẹ́ alùpùpù ní Camberley ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ ṣe irú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n yọ ìdánwò ìmọ̀ọ́gùn kúrò níbẹ̀, wọ́n fi eré sísá nìkan sílẹ̀. Àwọn aláṣẹ eré náà ní bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, wọn kò lè pè é ní ìdánwò mọ́. Nítorí náà wọ́n wá orúkọ mìíràn fún un, orúkọ tí ó túmọ̀ sí ìfẹsẹ̀-fọwọ́-rá gun òkè. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1924 ni wọ́n ṣe é. Ọ̀pọ̀ onítàn gbà pé ọjọ́ yìí ni a bí mọ́tókírọ́ọ̀sì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ará Faransé ni wọ́n fún un ní orúkọ yẹn lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, eré náà tàn kálẹ̀. Ní 1947 àwọn orílẹ̀-èdè bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn díje ní ilẹ̀ Nẹ́dálándì, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó sì borí ní ọdún náà. Ní 1952 àjọ FIM, tí ń ṣe àkóso eré alùpùpù lágbàáyé, dá ife-ẹ̀yẹ Yúróòpù sílẹ̀ fún ẹ́ńjìnnì 500 cc. Ó di ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ní 1957. Ti ẹ́ńjìnnì 250 cc di ti àgbáyé ní 1962.

ÌṢÍSẸ̀ MÉJÌ BORÍ ÌṢÍSẸ̀ MẸ́RIN

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ àtúnṣe ti bẹ̀rẹ̀ sí í darí ìtàn. Ẹ̀rọ tí ó gbajúmọ̀ ní àwọn ọdún 1950 ni ẹ́ńjìnnì oníṣísẹ̀ mẹ́rin, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ BSA ní Birmingham ń ṣe. Nínú rẹ̀, písítìnnì gbọ́dọ̀ lọ sókè lẹ́ẹ̀mejì kí ó sì bọ̀ wálẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí agbára tó jáde lẹ́ẹ̀kan. Fáàfù ni ó ń ṣílẹ̀kùn fún atẹ́gùn àti èéfín, fáàfù náà sì ní sípíríǹgì àti àwọn ohun mìíràn tí ń tì í. Ẹ́ńjìnnì náà lágbára, ṣùgbọ́n ó wúwo, ara rẹ̀ sì pọ̀.

Èkejì ni ẹ́ńjìnnì oníṣísẹ̀ méjì. Písítìnnì lọ sókè lẹ́ẹ̀kan, ó bọ̀ wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, iṣẹ́ parí. Kò ní fáàfù. Ihò tí ó wà lára ògiri sílíńdà ni písítìnnì fúnra rẹ̀ ń bò tí ó sì ń ṣí. Ọ́ìlì tí yóò mú un yọ̀ kò sí nínú àpò tirẹ̀, inú bẹntiróòlù ni a ti ń pò ó. Ẹni tí ó bá ní sípánà mélòó kan lè tú orí rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, kí ó pààrọ̀ písítìnnì àti ríìngì, kí ó sì tò ó padà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ní 1964 àti 1965, Jeff Smith gba ife-ẹ̀yẹ 500 cc fún BSA pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì oníṣísẹ̀ mẹ́rin. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣísẹ̀ méjì láti Husqvarna ti Swídìn àti CZ ti Ṣẹkosilofákíà ti ń sún mọ́ ọn. Ohun tí BSA ṣe láti fi dáhùn ní 1966 yẹ kí a gbé yẹ̀ wò. Wọ́n fi irin titanium ṣe egungun alùpùpù náà kí ó lè fúyẹ́. Irin yìí fúyẹ́ lóòótọ́, ó sì le, ṣùgbọ́n a kò lè jó o pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ lásán kí ó má bàjẹ́. Gáàsì pàtàkì ni a gbọ́dọ̀ fi bò ó. Bí ó bá sán lórí pápá, kò sí wẹ́dà kan létí pápá tí ó lè ràn án. Ní ọdún kan náà, Paul Friedrichs, ọmọ Ìlà-oòrùn Jámánì, fi CZ oníṣísẹ̀ méjì gba ife-ẹ̀yẹ 500 cc, èyí tí ẹ́ńjìnnì oníṣísẹ̀ méjì kò tíì gbà rí. Ẹ̀rọ tí a lè tún ṣe ti borí ẹ̀rọ tí a lè yìn. Nígbà tí yóò fi di 1973, BSA kò lè dá dúró mọ́; wọ́n pa á pọ̀ mọ́ ilé-iṣẹ́ mìíràn.

Báwo ni ìmọ̀ ìṣísẹ̀ méjì ṣe dé Jàpáànù? Èyí pẹ̀lú jẹ́ ìtàn ìmọ̀ tí ó wà lára ènìyàn. Ní ilé-iṣẹ́ MZ ní Ìlà-oòrùn Jámánì, Walter Kaaden ti ṣàwárí bí a ti lè fi ìrísí páìpù èéfín tí agbára sẹ́yìn sínú sílíńdà. Ní 1961, Ernst Degner, ẹni tí ń gun alùpùpù MZ lórí títì, tí ó sì mọ àṣírí inú rẹ̀, sá kúrò lábẹ́ ìjọba náà nígbà tí ó lọ díje ní Swídìn. Ó kó ìmọ̀ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Suzuki. Ní ọdún kejì, Suzuki gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ti 50 cc lórí títì. Ilé-iṣẹ́ yìí kan náà yí ojú sí mọ́tókírọ́ọ̀sì, ó sì gba ife-ẹ̀yẹ 250 cc ní 1970 pẹ̀lú Joël Robert, ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù, ilé-iṣẹ́ Jàpáànù àkọ́kọ́ tí yóò gbà á. Robert gba ife yìí lẹ́ẹ̀mẹfà lápapọ̀. Ará ìlú rẹ̀, Roger De Coster, sì gba ti 500 cc lẹ́ẹ̀marùn-ún láàrin 1971 àti 1976, gbogbo rẹ̀ lórí Suzuki. Ìjọba lè mọ odi yí ìlú ká, ṣùgbọ́n kò lè mọ odi yí ohun tí ó wà lórí ènìyàn ká.

Ní Amẹ́ríkà, oníṣòwò kan tí ń jẹ́ Edison Dye mú Torsten Hallman, akọni ọmọ Swídìn, wá ní 1966 kí àwọn ará ibẹ̀ lè fojú ara wọn rí eré náà. Ní 1968 Yamaha gbé DT-1 jáde, alùpùpù 250 cc tí ó ṣeé gùn lórí títì lọ sí inú igbó. Kò wọ́n, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ sì rà á. Ní 1971 ni sinimá Bruce Brown tí a ń pè ní On Any Sunday jáde. Ó fi hàn pé àwọn ènìyàn lásán ni wọ́n ń fi òpin ọ̀sẹ̀ ṣe eré yìí. Nígbà tí ó di 1972, wọ́n ti da iyẹ̀pẹ̀ sínú pápá ìṣeré ńlá ní Los Angeles, ọmọ ọdún 16 kan, Marty Tripes, ni ó sì borí.

OHUN TÓ WÀ LẸ́YÌN Ẹ̀FÀ

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, àwọn àgbà ní ó ju èje lọ. Ẹni tí ó rí ẹlẹ́ṣin-irin tí ó fò lórí òkè ní ọjọ́ Àìkú kò rí i ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ jẹ́ kí a wò ó.

Lákọ̀ọ́kọ́, ó fọ ẹ̀rọ náà. Kì í ṣe nítorí ẹwà, bí kò ṣe pé ojú kò lè rí irin tó sán lábẹ́ ẹrọ̀fọ̀. Lẹ́yìn náà, ó yọ fílítà atẹ́gùn. Fóòmù ni, a sì fi ọ́ìlì rin ín kí eruku lè lẹ̀ mọ́ ọn. Bí eruku bá kọjá fílítà wọ inú sílíńdà, bí iyanrìn tí a fi ń pọ́n ọ̀bẹ ni yóò ṣe jẹ písítìnnì àti ògiri rẹ̀. Nítorí náà, ó fọ fóòmù náà, ó sá a, ó tún fi ọ́ìlì rin ín. Àìṣe èyí lẹ́ẹ̀kan lè pa ẹ́ńjìnnì tuntun.

Ó tú púlọ́ọ̀gì, ó sì wo ojú rẹ̀. Bí ó bá funfun, atẹ́gùn pọ̀ ju epo lọ, ooru yóò pọ̀ jù, písítìnnì sì lè yọ́. Bí ó bá dúdú tí ó sì tutù, epo ti pọ̀ jù. Bí ó bá pupa rẹ́súrẹ́sú bí àwọ̀ iyẹ̀pẹ̀, ó dára. Ó wo ṣéènì bóyá ó le jù tàbí ó dẹ̀ jù. Ó fi sípánà kékeré lu sípóòkì lọ́kọ̀ọ̀kan: èyí tí ó fún mọ́ra ní ohùn tí ó dún gaara, èyí tí ó ti tú ní ohùn tí ó kú. Ó wo gbogbo nọ́ọ̀tì, nítorí pé ìgbọ̀nrìrì a máa tú ohun tí ọwọ́ dè. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.

Ẹ rí i pé ojú, ọwọ́ àti etí ni ó fi ń ṣiṣẹ́. Ìwé ìlànà wà, ilé-iṣẹ́ ni ó tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ìwé kò lè kọ́ ènìyàn ní bí sípóòkì tí ó ti tú ṣe ń dún. Ẹni tí ó mọ̀ ni yóò lù ú fún ẹni tí kò mọ̀.

Àtúnṣe yìí sì ń bí ìmọ̀ tuntun. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ṣọ́ọ̀kì méjì ni ó wà lẹ́yìn alùpùpù, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, táyà ẹ̀yìn kò sì lè lọ sókè-sódò ju nǹkan bí íǹṣì 4 lọ. Lucien Tilkens, olùkọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ kan ní Bẹ́ljíọ̀mù, gbé ṣọ́ọ̀kì ẹyọ kan gígùn sábẹ́ àga dípò méjèèjì. Yamaha ra ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ní 1973 Håkan Andersson ti Swídìn fi í gba ife-ẹ̀yẹ 250 cc. Láàrin ọdún díẹ̀, táyà tí ń lọ sókè ní íǹṣì 4 ń lọ tó íǹṣì 12. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀: olùkọ́ ni ó rò ó, ẹlẹ́rọ ni ó ṣe é, ẹni tí ń gùn ún ni ó sọ ibi tí ó kù sí.

Ẹnìkan lè ta kò mí níhìn-ín pé owó àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ni ó ṣe gbogbo rẹ̀, pé kí ni ọwọ́ ẹni tí ń tú fílítà lẹ́yìnkùlé fi kún un? Àtakò yìí ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Láìsí owó, èrò Tilkens ì bá wà lórí ìwé títí di òní. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ padà sí ìṣísẹ̀ mẹ́rin. Ní 1998 Yamaha gbé YZ400F jáde, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e. Ẹ́ńjìnnì tuntun wọ̀nyí lágbára, èéfín wọn kò sì ní ọ́ìlì tí ń jó nínú bíi ti ìṣísẹ̀ méjì. Ṣùgbọ́n fáàfù padà dé, iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì kékeré irú rẹ̀ ń yí ní ìṣẹ́jú kan kọjá 13,000. Bí nǹkan bá sì já nínú rẹ̀, owó tí yóò gbà pọ̀. Láti 2008 wá, kabúrétọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi àyè sílẹ̀ fún ẹ̀rọ tí ń fi kọ̀ǹpútà wọn epo. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ń tú ẹ̀rọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ wá di ẹni tí ń dúró ní ẹnu ọ̀nà ilé ìtúnṣe. Síbẹ̀, ìṣísẹ̀ méjì kò parẹ́. Yamaha àti KTM ti Ọ́síríà ṣì ń ṣe é, nítorí pé àwọn kan wà tí ó wù láti máa fi ọwọ́ ara wọn tún ohun tí wọ́n ń gùn ṣe. Bí owó ilé-iṣẹ́ nìkan bá ni ó ń darí ìtàn, wọn ì bá ti gbàgbé rẹ̀.

TA NI Ó NI ILẸ̀?

Kò yẹ kí onítàn yin ohun tí ó fẹ́ràn láìsọ ibi tí ó ti ń pa ẹlòmíràn lára. Ìró tí ó dùn létí ẹni tí ń gun alùpùpù, aládùúgbò rẹ̀ kò rí i sùn. Táyà eléyín a máa tú ilẹ̀, òjò a sì wọ́ iyẹ̀pẹ̀ tí ó tú lọ. Ní oṣù Kejì ọdún 1972, Ààrẹ Nixon ti Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí àwọn tí ń ṣàkóso ilẹ̀ ìjọba ya ibi tí irú ọkọ̀ wọ̀nyí lè rìn sọ́tọ̀ kúrò ní ibi tí wọn kò gbọ́dọ̀ dé. Eré aṣálẹ̀ ńlá tí wọ́n ń sá láti Barstow dé Las Vegas kò rí àṣẹ gbà mọ́ lẹ́yìn ti 1974, títí di 1983.

Ọ̀rọ̀ náà kan ilẹ̀ Áfríkà gbọ̀ngbọ̀n. Ní 1977, ọmọ Faransé kan, Thierry Sabine, ṣìnà nínú aṣálẹ̀ nígbà tí ó ń gun alùpùpù nínú eré Abidjan sí Nice. Nígbà tí wọ́n yọ ọ́, ó pinnu láti mú àwọn ẹlòmíràn wá wo ibi tí òun ti rí ikú. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 1978, ọkọ̀ àti alùpùpù 182 gbéra ní Paris, wọ́n kọrí sí Dakar; 74 ni ó dé ibẹ̀. Cyril Neveu, lórí Yamaha XT500, ni ó ṣáájú. Eré náà di òkìkí. Ṣùgbọ́n abúlé àwọn ènìyàn ni wọ́n ń fi eré gidi là kọjá, àwọn tí ó sì kú nínú rẹ̀ kì í ṣe àwọn tí ń díje nìkan: àwọn ọmọ tí wọ́n jáde wá wòran wà nínú wọn. Sabine fúnra rẹ̀ kú nínú ọkọ̀ òfuurufú hẹlikópítà ní Málì ní oṣù Kìíní ọdún 1986. Wọ́n fagi lé eré ti 2008 nítorí ewu ní Moriténíà. Láti 2009 dé 2019 Gúúsù Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ń sá a, láti 2020 sì ni ó ti wà ní Saudi Arabia. Orúkọ Dakar ṣì wà lára rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dé Dakar mọ́.

Nínú eré ńlá yìí kan náà, ẹ̀ka kan wà fún àwọn tí kò ní mẹkáníìkì. Àpótí kan ni wọ́n bá olúkúlùkù gbé: sípánà, fílítà, aṣọ. Bí ó bá gun alùpùpù la aṣálẹ̀ já lọ́sàn-án, òun ni yóò tún un ṣe lóru, kí ó tó wá orun díẹ̀ sùn nínú àgọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó bọ̀wọ̀ fún àwọn wọ̀nyí ju ẹni tí ó gba ipò kìíní lọ.

ILÉ WA

Nígbà èwe mi, olùkọ́ kan wà ní ìlú wa tí ó ní alùpùpù. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, a máa ń tò yí i ká. Yóò tú púlọ́ọ̀gì, yóò fi búrọ́ọ̀ṣì onírin nu orí rẹ̀, yóò gbé e sí ìmọ́lẹ̀ oòrùn, yóò mi orí. Yóò tẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, yóò dẹtí. Bí ó bá ní, "Ó ń wúkọ́," a mọ̀ pé iṣẹ́ wà. Ní ọjọ́ Ajé yóò gun un gba ọ̀nà oko tí ẹrọ̀fọ̀ rẹ̀ dé orúnkún lọ sí ilé-ìwé. Ẹ wo ohun tí ó ń ṣe dáradára: ó ń gun alùpùpù nínú igbó, ó sì ń tún un ṣe. Bí ó bá jẹ́ pé Yorkshire ni ó ti ń ṣe é, eléré ìdárayá ni à bá pè é. Níhìn-ín, olùkọ́ tí ń jìyà ọ̀nà ni a pè é.

Mẹkáníìkì ẹ̀bá títì náà ńkọ́? Ọmọ iṣẹ́ a lo ọdún púpọ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ kí ó tó ṣe fíríìdọ̀ọ̀mù. Èdè iṣẹ́ wọn kún fún òye: ẹ́ńjìnnì a máa wúkọ́, a máa mu ọ́ìlì, a máa nọ́ọ̀kù, iná rẹ̀ a máa gé. Láti ìgbà tí alùpùpù akérò ti di òwò ńlá ní ilẹ̀ wa, ní òpin àwọn ọdún 1980, tí ó sì ya orúkọ ọ̀kadà lò lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kan, ọwọ́ àwọn wọ̀nyí ni ó gbé e ró. Ìgbà tí ìjọba Èkó sì fòfin dè é ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà ní oṣù Kẹfà ọdún 2022, a jiyàn lórí ìjàǹbá àti lórí ààbò, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ó béèrè ibi tí ìmọ̀ àwọn tí ń tún un ṣe yóò gbà lọ?

Ẹ má ṣì mí gbọ́. Èmi kò sọ pé ìnira jẹ́ eré. Ẹni tí ó di àpò kókó mẹ́ta sẹ́yìn alùpùpù nínú òjò kò wá ìgbádùn, bí ó bá sì ṣubú, kò sí ẹni tí yóò pàtẹ́wọ́ fún un. Bẹ́ẹ̀ ni èmi kò sọ pé eré yìí jẹ́ ti aláwọ̀ funfun. Greg Albertyn ti Gúúsù Áfríkà gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ní 1992, 1993 àti 1994. Ní Uganda, Kenya àti Zimbabwe, àwọn ọmọdé ń díje lórí pápá. James Stewart, aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, gba ife-ẹ̀yẹ ńlá ti inú pápá ìṣeré ní orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní 2007 àti 2009. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìmọ̀ kan náà ni, àyè àti ìsinmi ni ó yàtọ̀. Ẹni tí ó ní ìsinmi ni ó ń rí àkókò kọ ohun tí ó mọ̀ sílẹ̀. Ẹni tí kò ní in, ìmọ̀ rẹ̀ a máa bá a wọ ilẹ̀.

ÀGBÁLỌGBÁBỌ̀

Mo ti gbìyànjú láti fi hàn pé láti inú ìdánwò ni eré yìí ti wá. Pé ẹ̀rọ tí ọwọ́ ẹni tí ń gùn ún ká ni ó borí ní 1966, tí kò sì tíì parẹ́ títí di òní. Pé ìmọ̀ rẹ̀ ń bá ènìyàn kọjá ààlà. Àti pé eré náà ní gbèsè lọ́rùn sí àwọn tí ó ń la ilẹ̀ wọn kọjá.

Ohun méjì ni mo fẹ́ kí a ṣe. Èkíní, kí ẹ̀ka wa yìí rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde lọ jókòó ti àwọn àgbà mẹkáníìkì alùpùpù, kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wọn sílẹ̀, kí wọ́n sì gba ohùn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣàlàyé àìsàn rẹ̀ sílẹ̀. Èkejì, kí àwọn tí ó fẹ́ dá irú eré yìí sílẹ̀ ní agbègbè wa bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí Scott ti bẹ̀rẹ̀ ní 1914: kí wọ́n pe àwọn tí ń tún un ṣe kí wọ́n tó pe àwọn olówó tí ó lè rà á, kí wọ́n sì jẹ́ kí onílẹ̀ mọ̀ kí táyà tó kan ilẹ̀ rẹ̀.

Ó ní ìdí tí mo fi ń kánjú. Alùpùpù tí ń lo iná bátìrì ti wà lórí pápá mọ́tókírọ́ọ̀sì báyìí. Kò ní púlọ́ọ̀gì, kò ní kabúrétọ̀, kò sì dún pù-pù-pù. Ó lè jẹ́ ìròyìn ayọ̀ fún aládùúgbò tí kò rí oorun sùn, èmi náà sì bá a yọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí etí wọn mọ ohun tí ń ṣe ẹ́ńjìnnì àtijọ́ ti ń dàgbà, àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn sì ń dínkù. Bí a kò bá tètè bi wọ́n léèrè, àwọn ọmọ wa yóò máa pe ẹ̀rọ náà ní alùpùpù láìmọ ohun tí àwọn baba wọn gbọ́.